Sinimá Àwọn Ará Róòmù: Èwo Ni Ìtàn, Èwo Ni Àlọ́?

  Ọ̀ràn kan dé ọwọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ yìí tí kò jọ irú èyí tí a máa ń bá ara wa sọ. Lẹ́tà méjì ni ó wọlé láti ìlú kan náà. Ìyá aláṣọ kan ni ó kọ ọ̀kan, tíṣà kan ni ó kọ èkejì, ẹjọ́ ara wọn ni àwọn méjèèjì sì ń rò fún mi.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Ìyá aláṣọ ní ọmọ ní ilé-ìwé tí tíṣà yìí ti ń kọ́ni. Nígbà tí ìdánwò parí, ìyá gbé tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amúnáwá wá, ó ní kí wọ́n fi sinimá Gladiator han àwọn ọmọ kíláàsì àgbà, kí wọ́n lè mọ bí ìjọba Róòmù ti rí láyé àtijọ́. Tíṣà bá wọn wò ó dé ìdajì, ó dìde, ó pa ẹ̀rọ. Ó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, òun kò lè jókòó kí wọ́n máa bu irọ́ fún àwọn ọmọ òun mu bí omi. Ìyá ní àbùkù ni tíṣà fi kan òun lójú àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ epo ẹ̀rọ amúnáwá kì í ṣe ọ̀fẹ́. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Àwọn méjèèjì ń ka ìwé ìròyìn yìí, wọ́n sì ní kí n sọ ẹni tí ó jàre.

Kí n tó sọ ọ́, ó yẹ kí ẹ mọ irú adájọ́ tí ẹ yàn. Èmi fẹ́ràn sinimá Róòmù. Ọdún Àjíǹde kò pé lójú mi títí di òní bí n kò bá rí ibi tí Charlton Heston ti ń fi ẹṣin funfun mẹ́rin sáré nínú Ben-Hur. Ìyàwó mi a máa ní àwọn ẹṣin náà kò ní í sáré ju bí wọ́n ti sá lọ́dún tó kọjá lọ. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n mo tún máa ń jókòó.

Ó dára. Gladiator jáde ní ọdún 2000. Ridley Scott, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni olùdarí rẹ̀. Russell Crowe ni ó ṣe Maximus, balógun tí wọ́n sọ di ẹrú, tí ẹrú náà di oníjà idà ní pápá ìran, tí ó sì pa Késárì Commodus níkẹyìn lójú gbogbo ìlú. Sinimá yìí gba ẹ̀bùn Oscar márùn-ún, owó tí ó pa kárí ayé sì lé ní 450 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá tà tó bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè sọ fún un pé kò mọ ọjà á tà.

Ṣùgbọ́n Maximus kò sí rí. Ẹ tú gbogbo ìwé ìtàn Róòmù láti ẹ̀yìn dé iwájú, ẹ kò ní í bá a pàdé. Commodus wà, ó jọba. Marcus Aurelius bàbá rẹ̀ wà. Lucilla ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni a mọ̀ dájú, ohun tí sinimá sì sọ nípa àwọn náà kò bá ti ìwé mu.

Sinimá ní Marcus Aurelius kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jọba, ó fẹ́ dá agbára padà fún ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, ni Commodus bá gbá bàbá rẹ̀ mọ́ àyà títí èémí fi pin lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ dùn-ún wò, ó sì ń dunni. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 177, ọdún mẹ́ta gbáko kí bàbá tó kú, ni Marcus Aurelius fúnra rẹ̀ ti fi ọmọ yìí jẹ Késárì pẹ̀lú ara rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ wà lórí oyè. Nígbà tí ó sì kú ní oṣù kẹta ọdún 180, lójú ogun ní ìhà odò Danube, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ń jiyàn ẹni tí oyè kàn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Commodus nígbà náà. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí nítorí ìyà tí ó jẹ Róòmù lẹ́yìn náà, bàbá ni kí ẹ bá wí. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni, ìwé ọgbọ́n rẹ̀ wà lórí àtẹ di òní, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ọmọ, ó ṣe bí gbogbo bàbá.

Sinimá ní Lucilla yè, àbúrò rẹ̀ ni ó kú. Ní tòótọ́, ọdún mélòó kan péré lẹ́yìn tí Commodus gorí oyè ni Lucilla bá àwọn kan dìtẹ̀ láti pa á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ náà rán lúgọ dè é ní ẹnu ọ̀nà tóóró. Dípò kí ó gún ọba, ó kọ́kọ́ fa ọ̀bẹ yọ, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹ́ kí ọba mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ni ó fi ọ̀bẹ náà ránṣẹ́ sí i. Kí ó tó sọ ọ́ tán, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti mú un. Wọ́n lé Lucilla lọ sí erékùṣù Capri, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pa á. Bí mo bá jẹ́ olùdarí sinimá, n kò ní í jẹ́ kí irú ẹnu ọ̀nà yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ibi tí ọ̀ràn yìí yà mí lẹ́nu jù lọ nìyí: ibi tí ẹnikẹ́ni yóò ti rò pé sinimá ń parọ́ jù, ibẹ̀ gan-an ni ó ti sọ òótọ́. Commodus jà ní pápá ní tòótọ́. Késárì, ẹni tí ayé ń wárí fún, bọ́ aṣọ oyè sílẹ̀, ó gbé idà, ó wọ inú pápá bí ẹrú, níwájú gbogbo ènìyàn. Cassius Dio, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ Róòmù, jókòó níbẹ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní mílíọ̀nù kan owó sesterces ni Késárì ń gbà lójúmọ́ fún ìjà rẹ̀, láti inú àpò owó ìran. Ta ni yóò fi gbogbo ara bá ọba jà? Olúwarẹ̀ ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ṣubú.

Lọ́jọ́ kan, Commodus fi idà gé orí ògòǹgò. Àwa Yorùbá ní ògòǹgò ni ọba ẹyẹ. Ọba ènìyàn wá pa ọba ẹyẹ. Ó gbé orí ẹyẹ náà lọ́wọ́ òsì, ó mú idà tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó rìn wá síwájú ibi tí àwọn ìgbìmọ̀ jókòó sí. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kàn ń mi orí, ó ń fín eyín, bí ẹni ń wí pé ohun tí mo ṣe fún ẹyẹ yìí, kò sí ohun tí ó ní kí n má ṣe é fún ẹ̀yin náà. Ẹ̀rù bà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó fẹ́ pa wọ́n. Dio já ewé lára adé ewé tí ó wà lórí rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó ń rún un, ó sì ní kí àwọn tí ó jókòó tì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnu wọn lè máa mì, kí ọba má bàa mọ̀ pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ẹni tí ó bá bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, orí rẹ̀ ni yóò tẹ̀lé ti ògòǹgò.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àgbààgbà ìlú Róòmù, àwọn tí ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn kò níye, jókòó ní ìlà, wọ́n ń jẹ ewé bí ewúrẹ́ nítorí ẹ̀mí wọn. Èyí kò sí nínú sinimá. N kò mọ irú ìjà tí wọ́n lè fi idà jà tí yóò jẹ́ kí n mọ bí ìjọba burúkú ti rí lára tó ewé jíjẹ yìí.

Ikú rẹ̀ ńkọ́? Kò kú ní pápá. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 192, Marcia, obìnrin tí ó ń fẹ́, fún un ní májèlé. Commodus bì í. Ẹ̀rù bà wọ́n pé yóò yè, wọ́n bá rán Narcissus, ajàkadì tí ó máa ń bá ọba ṣeré ìdárayá, kí ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ, òun ni ó sì fún un lọ́rùn pa. Sinimá wá ní lẹ́yìn ikú Commodus, òmìnira padà sí Róòmù, agbára padà sọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Á à! Pertinax, àgbàlagbà tí wọ́n fi jẹ lẹ́yìn rẹ̀, kò lò ju ọjọ́ 87 lọ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba fi pa á, nítorí pé ó fẹ́ kí wọ́n máa hùwà bí ènìyàn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kan náà wá gbé oyè Róòmù sí gbàǹjo. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ mi dáadáa: gbàǹjo gan-an ni mo wí. Ẹnì kan wà nínú ọgbà wọn tí ó ń dá iye owó tí òun yóò fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan tí ń jẹ́ Didius Julianus dúró ní ẹ̀yìn odi tí òun náà ń fi kún un. Nígbà tí ti inú ọgbà dé 20,000 sesterces, Julianus kò fi kún un díẹ̀díẹ̀ mọ́. Ó fò ó sí 25,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń kígbe, ó sì ń na ìka sókè kí wọ́n lè rí iye tí ó pè. Wọ́n tà á fún un. Kò lo oṣù mẹ́ta lórí oyè tí wọ́n fi pa òun náà. Ọjà tí kò ní ìwé ẹ̀rí, kò sí aláṣọ tí kò mọ bí í ti í parí.

Kí ló dé tí oníṣẹ́ sinimá fi ń fi irú nǹkan báyìí sílẹ̀, tí ó lọ ń hun tirẹ̀? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nínú ìtàn tòótọ́ ti Commodus, kò sí ẹni rere kan tí a lè tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Apànìyàn rọ́pò apànìyàn ni. Ẹni tí ó san owó wọlé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ẹnì kan tí òun yóò máa gbàdúrà fún. Maximus ni wọ́n ṣe fún un, ẹni tí wọ́n pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, tí kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kí ó padà sí oko rẹ̀. Ta ni kò mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìyá aláṣọ fi sunkún, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé òun sunkún. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo èké ni ó ń tà. Ní ọdún 1964, wọ́n ti fi Marcus Aurelius, Commodus àti Lucilla yìí kan náà ṣe sinimá kan rí, The Fall of the Roman Empire. Samuel Bronston ni ó náwó sí i. Ó kọ́ gbàgede ìlú Róòmù lódindi sí ìtòsí Madrid ní ilẹ̀ Spéìnì, ilé gidi tí ènìyàn lè rìn wọ̀. Àwọn ènìyàn kò wá. Owó ribiribi wọmi, iṣẹ́ Bronston sì dẹnu kọlẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, Cleopatra tí Elizabeth Taylor ṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé-iṣẹ́ Fox lulẹ̀. Nǹkan bí 44 mílíọ̀nù dọ́là ni ó jẹ, nítorí pé wọ́n kọ́ ilé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù àti àìsàn òṣèré lé wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n tún lọ kọ́ òmíràn sí Róòmù. Òun ni ó sì pa owó jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà! Ọjà tà, owó kò pé. Ẹ̀rù wá ba gbogbo wọn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí Scott tó tún dáwọ́ lé Róòmù ńlá báyìí, kọ̀ǹpútà sì ni ó ràn án lọ́wọ́. Apá kan pápá Colosseum ni wọ́n kọ́ ní erékùṣù Malta, kọ̀ǹpútà ni ó ya ìyókù.

Mo ní kí n tún mẹ́nu ba díẹ̀ nínú àwọn ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ nítorí sinimá. Ẹ rántí Ben-Hur ti 1959, tí ó gba Oscar 11, níbi tí wọ́n ti de Heston mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun, tí ó ń wa àjẹ̀ bí ẹnì kan ti ń lu ìlù fún wọn. Àwọn tí ó ń wa ọkọ̀ ogun Róòmù, òmìnira ènìyàn ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn, owó oṣù ni wọ́n ń gbà. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Róòmù ni àwọn ìjọba Yúróòpù tó sọ wíwa ọkọ̀ di ìjìyà ọ̀daràn. Lew Wallace, ọ̀gágun ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé náà ní ọdún 1880, ni ó fi kọ́ wa. Wọ́n sì máa ń sọ pé ènìyàn kú níbi eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin yẹn. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi ara wewu dípò òṣèré, Joe Canutt, ni ó ta sókè kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ó di iwájú rẹ̀ mú, ó sì gòkè padà. Àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ni ó là. Wọn kò yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá tún wò ó, ẹ ó rí i: òótọ́ kan ṣoṣo nínú eré náà, àṣìṣe ni.

Àtàǹpàkò ńkọ́, èyí tí Késárì ń dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kí wọ́n tó pa ẹni tí ó ṣubú? Àwọn ará Róòmù kọ ọ́ pé wọ́n máa ń yí àtàǹpàkò, wọn kò sọ bóyá sókè tàbí sílẹ̀. Gérôme, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó yà á sílẹ̀ ní ọdún 1872. Àwòrán yìí gan-an ni wọ́n fi han Ridley Scott tí ó fi gbà láti ṣe Gladiator. Ayàwòrán rò ó, olùdarí rí i, gbogbo ayé sì gbà á. Lónìí, àwọn ọmọ wa ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

Kí ẹ má sì rò pé ní gbogbo ìjà ni ẹnì kan ń kú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ owó yóò lóye èyí kíákíá. Oníjà idà kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ, oníṣègùn ń tọ́jú rẹ̀, onílàjà sì ń dúró láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìran, yíyá ni ó ń yá wọn. Gaius, amòfin Róòmù kan, fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ: bí oníjà bá padà wálé láìfarapa, 20 denarii ni owó rẹ̀, bí ó bá kú tàbí bí ó bá di aláàbọ̀ ara, 1,000 denarii. Ìlọ́po àádọ́ta! Ta ni yóò máa fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣòfò lójoojúmọ́?

Spartacus ti ọdún 1960 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Spartacus gbé ayé: ẹrú ará Thrace, tí òun àti àwọn bí àádọ́rin fi ọ̀bẹ ilé ìdáná jà bọ́ kúrò ní ilé ìkọ́nijà ní Capua, ní ọdún 73 ṣáájú ìbí Kristi. Fún ọdún méjì ni ó ń ṣẹ́gun ọmọ ogun Róòmù. Plutarch kọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá sí Róòmù láti tà, ejò kan ká sí i lójú níbi tí ó sùn sí, ìyàwó rẹ̀, obìnrin aríran, sì ní àmì agbára ńlá ni. Sinimá fi obìnrin aríran yìí sílẹ̀, ó fún Spartacus ní arẹwà kan tí ìwé kò mọ̀. Sinimá kan Spartacus mọ́ àgbélébùú; ní tòótọ́, ojú ogun ni ó kú sí, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Àwọn 6,000 tí wọ́n mú láàyè ni wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú ní ẹ̀bá ọ̀nà láti Capua dé Róòmù. Ibi tí àwọn ẹrú ti ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù ń ní òun ni Spartacus, kò ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn wà níbẹ̀. Dalton Trumbo ni ó kọ ọ̀rọ̀ sinimá náà. Ní ọdún 1947, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà bi í léèrè bóyá ó wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Ó kọ̀ láti dáhùn. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n sì fi òfin de orúkọ rẹ̀ ní Hollywood, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ni ó fi ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kirk Douglas, tí ó ṣe Spartacus, ni ó ní kí wọ́n kọ orúkọ Trumbo sí ojú sinimá ní gbangba. Ẹ wá tún wo àwọn ẹrú wọ̀nyẹn bí wọ́n ti ń dìde, tí ẹnì kan kò tọ́ka sí ẹlòmíràn. Amẹ́ríkà ni ó ń sọ, aṣọ Róòmù ni ó wọ̀.

Nítorí náà, Tíṣà mi, òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n pípa tí o pa ẹ̀rọ ni kò dára. O sọ àwọn ọmọ di ẹni tí yóò lọ wo ìyókù lórí fóònù níbi tí kò sí olùkọ́. Irọ́ sinimá kì í ṣe ohun kékeré, mo gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí The Woman King jáde ní ọdún 2022, ó fi Ghezo ọba Dahomey hàn bí ẹni tí ó kẹ̀yìn sí òwò ẹrú. Ọmọ ogun Ghezo yìí ni ó sì wá ká àwọn Ẹ̀gbá mọ́ Abẹ́òkúta ní ọdún 1851. Ọmọ tí kò mọ̀ yóò pàtẹ́wọ́. Ìyá náà, ẹ̀bùn tí ẹ gbé wá dára, ṣùgbọ́n ìtàn kọ́ ni ẹ gbé wá. Ẹ fi epo sí ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí Tíṣà fi sinimá hàn dé ibi tí bàbá kú, kí ó dá a dúró, kí ó sọ ti ọdún 177 fún wọn, kí ó bi wọ́n léèrè ìdí tí ẹni tí ó ṣe sinimá fi yí i padà. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìyẹn ti mọ ìtàn, ó sì ti mọ ọgbọ́n ọjà. Bí ó bá ti ṣe é tán, kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá lọ kí i.

Kí ó sì fi Juba hàn wọ́n, ọmọ Áfíríkà tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Maximus, òun ni ó sì sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú sinimá náà. Djimon Hounsou ni ó ṣe é, Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá ni wọ́n sì bí i sí ní ọdún 1964. Ibẹ̀ ni yóò ti rí ọ̀nà wọ inú ìtàn tí ó dùn mí jù pé sinimá kò sọ.

Lẹ́yìn gbàǹjo yẹn, ẹni tí ó wá gba Róòmù ní ọdún 193 ni Septimius Severus. Áfíríkà ni wọ́n bí i sí, ní Leptis Magna, ní etí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Líbíà báyìí, ní ọdún 145. N kò sọ pé ó dúdú bíi tèmi tiyín. Ará ìhà àríwá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ni, wọ́n sì ní ohùn ilé kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ìwé àtijọ́ kan tilẹ̀ sọ pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kí i ní ààfin, èdè Látìnì obìnrin náà kò já gaara, ojú sì ti Késárì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kó ẹ̀bùn fún un pé kí ó máa lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n ní ìlú òyìnbó, ẹ ó mọ irú rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni ó fi jọba. Ó kó ogun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 208, ìlú York ni ó sì kú sí ní oṣù kejì ọdún 211. Ọmọ Áfíríkà jọba lórí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kú sáàárín wọn, kò sì sí sinimá ńlá kan tí ó mú un ṣe kókó.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ni sinimá rí. Gladiator II, tí Scott gbé jáde ní ọdún 2024, ní ìbejì ni Caracalla àti Geta, ó sì da omi sí Colosseum, ó kó ẹja òkun tí í jẹ ènìyàn sínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Denzel Washington ṣe Macrinus níbẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa. Macrinus tòótọ́ náà, ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjíríà lónìí ni, amòfin tí ó di Késárì ní 217. Caracalla àti Geta kì í ṣe ìbejì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Bàbá wọn kò pé ọdún kan ní sàréè tí Caracalla fi ní kí wọ́n pa Geta. Àyà ìyá wọn, Julia Domna, ni ó sá sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa á, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì kún ara ìyá. Lẹ́yìn náà, Caracalla pàṣẹ pé kí wọ́n pa orúkọ àti ojú àbúrò rẹ̀ rẹ́ kúrò níbi gbogbo tí ó wà.

Àwòrán ìdílé yìí kan ṣẹ́kù, tí wọ́n fi ọ̀dà yà sára pákó ní ilẹ̀ Íjíbítì nígbà ayé wọn. Ìlú Berlin ni ó wà báyìí. Severus wà níbẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n ewú, awọ ara rẹ̀ pọ́n dúdú ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ. Julia Domna wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn rẹ̀. Ọmọ kan dúró níwájú wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú ọmọ kejì wà tẹ́lẹ̀, pákó tí wọ́n ha ni ó kù.